Ọ̀nà tí dráífà CAN ń gbà wọ inú kernel Linux

Dráífà tí mò ń sọ kì í ṣe ẹni tó jókòó sídìí ọkọ̀ o. Kóòdù ni, èyí tó ń jẹ́ kí kernel Linux (ọkàn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà) lè bá chip tó wà lórí wáyà inú ọkọ̀ sọ̀rọ̀. CAN ni wọ́n ń pe wáyà náà. Ilé-iṣẹ́ Bosch ní Jámánì ló gbé e síta lọ́dún 1986, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ọkọ̀ òde òní máà ní in: bíréèkì, ẹ́ńjìnnì, ilẹ̀kùn, gbogbo wọn ló ń ránṣẹ́ síra wọn lórí wáyà méjì tí wọ́n lọ́ pọ̀ bí okùn.

Mo ti rí àwọn tó kọ dráífà tó ń ṣiṣẹ́ geere lórí tábìlì wọn, tí wọ́n fi ránṣẹ́, tí wọ́n dá a padà fún wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, títí ọ̀rọ̀ náà fi sú wọn. Èmi náà wà lára wọn. Ohun tí kò tètè yé mi ni pé àwọn tó ń gba kóòdù wọlé kì í fi gbogbo ara béèrè pé ṣé ó ń ṣiṣẹ́. Wọ́n mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ò ní fi ránṣẹ́. Ohun tó wà lọ́kàn wọn ni pé tí ẹni yìí bá gba iṣẹ́ míì lọ lọ́la, ta ni yóò máa tọ́jú ohun tó fi sílẹ̀, ṣé onítọ̀hún á sì lè ka kóòdù náà láìní chip yẹn lọ́wọ́? Tí ẹ bá fi ojú yẹn wo gbogbo ohun tí wọ́n máa ní kí ẹ ṣe, kò ní dà bí ìyọlẹ́nu mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ yín

Oríṣi méjì ni. Èyí tó ń darí chip ni ọ̀kan, inú drivers/net/can/ ni ilé rẹ̀. Èkejì ni ìlànà ìbánisọ̀rọ̀ tó jókòó lé CAN lórí, bíi ISO-TP àti J1939. Inú net/can/ ni wọ́n ń kó ìyẹn sí.

Tó bá jẹ́ èkejì ni tiyín, ẹ ní sùúrù gidi. SocketCAN fúnra rẹ̀, èyí tó sọ CAN di nẹ́tíwọ́ọ̀kì bíi ti yòókù nínú Linux, wọlé ní ẹ̀yà 2.6.25 ní oṣù Kẹrin ọdún 2008. J1939 tí ọkọ̀ akẹ́rù àti katakata ń lò kò wọlé àfi ní 5.4, oṣù Kọkànlá 2019. ISO-TP tí irinṣẹ́ àyẹ̀wò ọkọ̀ ń lò dúró síta fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó wọ 5.10 ní oṣù Kejìlá 2020. Kì í ṣe pé kóòdù wọn kò dáa. Ìlànà tuntun túmọ̀ sí irú socket (ẹnu ọ̀nà tí ètò ń gbà bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀) tuntun, irú socket tuntun sì jẹ́ ìlérí: ètò tí ẹnikẹ́ni bá kọ lé e lórí lónìí gbọ́dọ̀ ṣì máa ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ogún ọdún. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ ohun tó bá máa wọ include/uapi/linux/can/ wò bí ẹni ń ṣa èèpo kúrò nínú ẹ̀wà.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n sì máa bi yín ni pé kí ló dé tí kò lè gbé lókè, níta kernel, kó máa gba CAN_RAW (socket tó ń fún ètò ní ohun tó wà lórí wáyà bó ṣe wà) kọjá? CANopen ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ibi, kò sì sóhun tó ń ṣe é. Ẹ gbọ́dọ̀ ní èsì tó ní nọ́ńbà nínú. ISO-TP ní tirẹ̀: frame (ìdì ọ̀rọ̀ kan tó ń lọ lórí wáyà) CAN àtijọ́ kò gbà ju bàìtì 8 lọ, nítorí náà ó ń gé ọ̀rọ̀ gígùn sí wẹ́wẹ́, ẹni tó wà lódìkejì sì lè ní kí àlàfo tó wà láàárín wẹ́wẹ́ kan sí èkejì jẹ́ ọgọ́rùn-ún microsecond péré. Ètò tó wà lókè kernel kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun ò ní pẹ́ jùyẹn lọ. Tí tiyín kò bá ní irú ìdí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sókè, kẹ́ ẹ sì sùn dáadáa.

Láti ibí lọ, ọ̀rọ̀ dráífà chip ni mo máa dúró lé, torí òun ló pọ̀ jù.

Ṣé dráífà náà kò ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?

Mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ dráífà fún chip kan nígbà kan. Ìwé àlàyé rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa "ẹ̀yà CAN-FD", ìyẹn CAN tuntun tí frame rẹ̀ gùn jù ti àtijọ́, bí ẹni pé àwọn tó ṣe chip náà ló dá a sílẹ̀. Mo fi ránṣẹ́. Èsì tí mo kọ́kọ́ gbà jẹ́ gbólóhùn kan: kí lẹ rí tẹ́ ẹ bá ka rẹ́jísítà (àpótí nọ́ńbà kékeré inú chip) tó wà ní 0x04? Mo kà á. 0x87654321 ló jáde.

Ẹni tó bá ti bá M_CAN, àwòrán chip CAN tí Bosch ń tà, ṣiṣẹ́ rí á ti rẹ́rìn-ín. Nọ́ńbà yẹn ni àwọn Bosch kọ sínú rẹ́jísítà ENDN kí olùkọ̀wé kóòdù lè fi mọ̀ bóyá òun ń ka bàìtì láti ìbẹ̀rẹ̀ tàbí láti òpin. Àwọn tó ṣe chip mi ra àwòrán M_CAN, wọ́n gbé e sínú rẹ̀, wọ́n sì fún un lórúkọ míì. Dráífà M_CAN sì ti wà nínú kernel tipẹ́. Gbogbo ohun tó yẹ kí n kọ ni kóòdù kékeré tó so clock, interrupt (ìpè tí chip fi ń ta kernel lólobó) àti mẹ́mọ́rì pọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó kọ ìlà kan, ẹ gbé àtòjọ rẹ́jísítà chip yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti M_CAN, C_CAN, flexcan àti SJA1000. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ USB ni, ẹ wo gs_usb. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré ló ń sọ èdè rẹ̀. Tó bá jọ ọ̀kan, ẹ tún ìyẹn ṣe kó gba tiyín mọ́ra. Dráífà tuntun tó ṣe iṣẹ́ tí èyí tó wà ńlẹ̀ lè ṣe kì í wọlé, ẹ má wulẹ̀ jà á.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa kọ ọ́

Ẹ má kọ ọ́ sórí kernel tí ẹni tó ta chip fún yín fi ránṣẹ́ pẹ̀lú bọ́ọ̀dù. Ìyẹn ti gbó, àwọn fọ́ńṣàn tó wà nínú rẹ̀ sì ti yípadà lókè. git tree (ẹ̀dà kóòdù kernel) tí wọ́n ń pè ní linux-can-next ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ CAN tuntun ń kọjá bọ́ sí net-next ti gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kó tó dé ọ̀dọ̀ Linus Torvalds, olórí iṣẹ́ kernel. Linux-can lásán wà fún àtúnṣe àṣìṣe nìkan.

Tí bọ́ọ̀dù yín kò bá lè gbéra lórí kernel tuntun, ìyẹn niṣẹ́ àkọ́kọ́ tó wà níwájú yín. Mo mọ̀ pé kò dùn ún gbọ́.

Kóòdù tó jọ ti àwọn ará ilé

Ẹ ṣí dráífà méjì tó wọlé láìpẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bíi mcp251xfd àti ctucanfd, kẹ́ ẹ máa wò wọ́n bẹ́ ẹ ṣe ń kọ tiyín. alloc_candev() ló ń bí ẹ̀rọ náà, register_candev() ló ń kéde rẹ̀, open_candev() àti close_candev() wà nínú ṣíṣí àti títì. Ìyẹn kò le. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni mo fẹ́ dúró lé.

Àkọ́kọ́ ni ìró tó ń padà. Nínú SocketCAN, ètò tó bá fi frame ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ lè rí frame náà padà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó bá ti kọjá lórí wáyà tán ni o, kì í ṣe nígbà tó wọ ìlà. Nítorí náà a máa ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́, a ó sì tú u sílẹ̀ nígbà tí interrupt bá ní ó ti lọ:

```
	if (can_dev_dropped_skb(ndev, skb))
		return NETDEV_TX_OK;

	apeere_ko_frame(priv, idx, skb);
	can_put_echo_skb(skb, ndev, idx, 0);
	apeere_write(priv, APEERE_TXREQ, BIT(idx));

	return NETDEV_TX_OK;
```

Ẹ wo bí ìlà mẹ́ta àárín yẹn ṣe tò. Tí ẹ bá kọ́kọ́ sọ fún chip pé kó máa lọ kẹ́ ẹ tó pe can_put_echo_skb(), lọ́jọ́ kan interrupt á sáré dé ṣáájú, á bá àpò òfìfo, frame á sì sọnù. Lórí tábìlì yín ẹ lè má rí i fún oṣù mẹ́fà. Bákan náà, tẹ́ ẹ bá ti pe fọ́ńṣàn yẹn tán, skb (àpò tí kernel fi gbé frame náà) kì í ṣe tiyín mọ́. Ẹ má tún ka gígùn frame láti inú rẹ̀ láti fi ka iye bàìtì. Mẹ́mọ́rì náà lè ti di ti ẹlòmíì. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ débi pé àwọn tó ń yẹ kóòdù wò ń wá a kí wọ́n tó wá nǹkan míì. can_get_echo_skb() máa dá gígùn náà padà fún yín, òun ni kẹ́ ẹ lò.

Èkejì ni ìyára wáyà. Mo ti rí dráífà tó ní tábìlì ńlá nínú: fún 125000 kọ èyí, fún 250000 kọ tọ̀hún. Kò sẹ́ni tó máa gba ìyẹn. Ohun tẹ́ ẹ máa kọ ni ààlà chip yín nínú struct can_bittiming_const, ìyẹn ibi tí tseg1, tseg2, sjw àti brp ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí wọ́n parí sí, kernel á sì ṣe ìṣirò fúnra rẹ̀. Ẹ má sì dá ilẹ̀kùn tiyín sílẹ̀ fún oníṣẹ́ láti yí i padà. Kò sí ioctl tiyín, kò sí fáìlì sysfs tiyín, kò sí module parameter fún ìyára. Ohun tí gbogbo ayé ń lò ni tiyín náà máa lò:

```
ip link set can0 up type can bitrate 500000 dbitrate 2000000 fd on
```

Ẹ̀kẹta ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wáyà bá bàjẹ́. Chip CAN máa ń ka àṣìṣe ara rẹ̀: tó bá tó 96 ó ń kìlọ̀, ní 128 ó di aláìlẹ́nu (error passive: ó ṣì ń ránṣẹ́, àmọ́ kò lè fi àmì àṣìṣe dá tàwọn yòókù dúró mọ́), tó bá kọjá 255 ó yọ ara rẹ̀ kúrò lórí wáyà pátápátá. Bus-off nìyẹn. Dráífà yín gbọ́dọ̀ sọ gbogbo ìyípadà yìí fún kernel nípa frame àṣìṣe, kó sì pe can_bus_off() nígbà tó bá débẹ̀. Ibi tí ọwọ́ yín mọ nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí dráífà fúnra rẹ̀ jí chip dìde láìbi ẹnikẹ́ni, kódà bí chip náà bá ní bọ́tìnnì tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀ ló máa pinnu, ó sì ní restart-ms (iye àkókò tí kernel máa dúró kó tó jí chip) tó lè fi pinnu rẹ̀. Ẹ rò ó wò: apá kan nínú ọkọ̀ ti ń da gbogbo wáyà rú, ó ti ní kí òun lọ jókòó, dráífà wá ń tì í padà wọlé ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá.

Àwọn kéékèèké tó kù: ẹ má lo BUG_ON (tó lè pa gbogbo kernel), ẹ fi __le32 tàbí __be32 sí ohun tó ń lọ sínú chip kí sparse (irinṣẹ́ tó ń yẹ kóòdù wò) lè bá yín ṣọ́ ọ, ẹ to àwọn variable láti èyí tó gùn jù sí èyí tó kúrú jù, àṣà nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìyẹn, ó sì dà bí igi Kérésìmesì tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò. Ó lè jọ yín lójú bí eré. Wọ́n á dá yín padà nítorí rẹ̀ o.

Ìwé ẹ̀rí chip: device tree

Tí chip yín bá wà lórí bọ́ọ̀dù tó ń lo device tree (àkọsílẹ̀ tó ń sọ ohun tó wà lórí bọ́ọ̀dù fún kernel), ẹ nílò fáìlì YAML kan nínú Documentation/devicetree/bindings/net/can/. Àbùlẹ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni, òun ló sì ń ṣáájú dráífà. Àbùlẹ̀ ni mò ń pe ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní patch, torí iṣẹ́ kan náà ni: a bù ú lẹ̀ mọ́ aṣọ tó wà ńlẹ̀.

Chip ni fáìlì yìí ń ṣàpèjúwe, kì í ṣe dráífà yín. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ yàtọ̀ sí àwọn ará CAN, wọn ò sì ní bìkítà nípa bí Linux ṣe ń ṣe tirẹ̀. Orúkọ chip gan-an ni kẹ́ ẹ kọ sínú compatible, láìfi "x" dí ibì kankan kó lè gba ìdílé chip pọ̀. Kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́:

```
make dt_binding_check DT_SCHEMA_FILES=apeere,foo-can.yaml
```

Tí ìyẹn bá kígbe, ẹ má ránṣẹ́. Rọ́bọ́ọ̀tì wọn á kígbe ohun kan náà lójú gbogbo ayé.

Àyẹ̀wò tó ń dójú ti kóòdù

```
make W=1 C=1 drivers/net/can/apeere.o
./scripts/checkpatch.pl --strict 000*.patch
```

Ìyẹn ni ti ojú. Ẹ tún kọ́ ọ (compile) fún ẹ̀rọ 32-bit àti 64-bit, kẹ́ ẹ sì fi COMPILE_TEST sínú Kconfig kí ẹni tí kò ní chip yín náà lè kọ́ ọ.

Ti inú ló le. Ìlànà tuntun rọrùn díẹ̀, torí vcan wà: ẹ lè dá wáyà àfarawé sílẹ̀ láìra ohunkóhun. Dráífà chip nílò wáyà gidi, apá méjì ó kéré tán, àti resistor 120 ohm ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan. Ẹ pa iná, ẹ fi mítà wọn àárín CAN_H àti CAN_L. Tí kò bá jẹ́ nǹkan bí 60 ohm, ẹ má tíì bá dráífà yín wí.

Kí ló dé tí mo fi ní apá méjì? Torí frame CAN gbọ́dọ̀ rí ẹni tó máa ní "mo gbọ́". Chip tó dá wà lórí wáyà á máa tún frame kan náà fi ránṣẹ́ láìdákẹ́, á di aláìlẹ́nu, ṣùgbọ́n kò ní dé bus-off, torí ìlànà CAN kò jẹ́ kí àìrí èsì nìkan tì í débẹ̀. Mo ti rí ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ wá àṣìṣe nínú kóòdù bus-off rẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé wáyà rẹ̀ kò kan ẹnikẹ́ni.

Ẹ wá fìyà jẹ ẹ́. candump ń fi ohun tó ń kọjá lórí wáyà hàn, cangen ń da frame lù ú:

```
candump -td -e any,0:0,#FFFFFFFF &
cangen can0 -g 0 -i -f
```

Bí frame ṣe ń ya lu wáyà bẹ́ẹ̀, ẹ fi wáyà kékeré so CAN_H mọ́ CAN_L. Ṣé bus-off jáde lójú candump? Ẹ yọ ọ́. Ṣé restart-ms jí i? Ẹ ti ẹ̀rọ náà pa kẹ́ ẹ tún ṣí i nígbà tí ìlà ṣì kún. Ẹ fi rmmod yọ dráífà náà kúrò nínú kernel. Tó bá jẹ́ USB, ẹ fà á yọ láìkìlọ̀. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà sùn kó sì jí. Lẹ́yìn náà ẹ fi canfdtest sílẹ̀ láàárín apá méjèèjì mọ́jú, kẹ́ ẹ rí i bóyá frame kan sọnù tàbí bóyá ọ̀kan kọjá ìkejì rẹ̀ lójú ọ̀nà. Àbájáde gbogbo èyí ni kẹ́ ẹ kọ sínú lẹ́tà ìṣáájú (cover letter) yín, pẹ̀lú orúkọ bọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ lò. Kò sóhun tó ń yá wọn lórí tó bẹ́ẹ̀.

Pípín in sí wẹ́wẹ́ àti fífi ránṣẹ́

Ẹ má kó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ìlà pọ̀ sínú àbùlẹ̀ kan. YAML lọ́tọ̀, dráífà tó lè ṣe CAN lásán lọ́tọ̀, FD lọ́tọ̀ bí ó bá gùn, MAINTAINERS (fáìlì orúkọ àwọn alábòójútó) lọ́tọ̀ tàbí pẹ̀lú dráífà. Ní ibi kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá dúró, kernel gbọ́dọ̀ ṣì lè kọ́ kó sì gbéra. Àwọn ará nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í fẹ́ ju àbùlẹ̀ 15 lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ bá ní mẹ́rin, ẹ ti ṣe dáadáa.

Ìsàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ìlà Signed-off-by ń wà. Láti ọdún 2004 ni wọ́n ti ń béèrè rẹ̀, ìjẹ́rìí ni pé ẹ ní ẹ̀tọ́ láti fi kóòdù náà sílẹ̀ lábẹ́ ìwé àṣẹ kernel. Tó bá jẹ́ ibi iṣẹ́ ló ni kóòdù, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ tó kọ orúkọ yín síbẹ̀. Ẹ má ṣe é lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ tó wà lókè rẹ̀ ni kó sọ ìdí. Ohun tí kóòdù ṣe, a máa rí i nínú kóòdù. Ìdí tẹ́ ẹ fi yan ọ̀nà yìí, tí chip fi ń ṣe wèrè níbì kan, a ò ní rí i níbòmíì.

```
git format-patch -3 --cover-letter --base=HEAD~3 --subject-prefix="PATCH can-next"
./scripts/get_maintainer.pl 000*.patch
git send-email ...
```

get_maintainer.pl máa sọ ẹni tẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́ sí. Ọ̀rọ̀ lásán ni íméèlì náà, kò gbọdọ̀ ní HTML, kò sì gbọdọ̀ ní ìkìlọ̀ ọ̀fíìsì gígùn yẹn tó ń ní "tí kò bá jẹ́ ìwọ la fi ránṣẹ́ sí, pa á rẹ́". Ìkìlọ̀ yẹn nìkan tó láti jẹ́ kí wọ́n má lè fọwọ́ kan kóòdù yín. Tí íméèlì ọ̀fíìsì bá ń fi tipátipá fi sí i, ẹ lo ti ara yín. Ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí ara yín, kẹ́ ẹ lò ó pẹ̀lú git am. Tó bá wọlé, ó wọlé.

Àkókò náà ní tirẹ̀. Ẹ̀yà kernel tuntun ń jáde ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ni Linus ń gba ohun tuntun wọlé, ìgbà yẹn gan-an ni net-next ń ti ilẹ̀kùn tirẹ̀, torí àwọn alábòójútó ń dí. Ẹ má fi dráífà tuntun ránṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn.

Nígbà tí èsì bá dé

Ó máa dé pẹ̀lú ọgbọ̀n àríwísí. Ẹ má bínú. Ẹni tó fi wákàtí méjì ka kóòdù yín lọ́fẹ̀ẹ́ kò kórìíra yín. Èyí tí wọn ò kà rárá ló yẹ kó dùn yín.

Ẹ dáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan, lábẹ́ ibi tó ti sọ ọ́, kì í ṣe lókè íméèlì. "Mo ti tún un ṣe" tó. Níbi tẹ́ ò bá ti gbà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ohun tẹ́ ẹ fi ojú rí lórí chip: "Mo dán an wò, interrupt náà ń dé lẹ́ẹ̀mejì tí mi ò bá kọ́kọ́ pa á." Wọ́n máa ń gbà. Ohun tí wọn kì í gbà ni ìdákẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ fi v2, ìyẹn ẹ̀dà kejì, ránṣẹ́ tí ohun tí wọ́n sọ ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ má sáré fi v2 ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó kéré tán, kí wákàtí mẹ́rìnlélógún kọjá, kí ẹni tó wà ní apá ibòmíì ayé náà lè jí kó kà á. Nínú v2, ẹ kọ ohun tó yí padà sábẹ́ ìlà "---", kó má bàa wọ inú ìtàn git, kẹ́ ẹ fi líǹkì v1 sí i. Ẹni tó bá ti fún yín ní Reviewed-by (ìlà tó ń jẹ́rìí pé òun ti yẹ ẹ́ wò), ẹ gbé e dání lọ sí v2, àyàfi tẹ́ ẹ bá tún àbùlẹ̀ yẹn gan-an kọ gidi. Irinṣẹ́ b4 ń bá èèyàn kó wọn jọ.

Tí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì bá kọjá láìsí èsì, ẹ fi ìlà kan ránilétí. Ìlà kan. Mi ò tíì rí ẹni tí kò dé v4 pẹ̀lú dráífà tuntun rẹ̀ àkọ́kọ́, mo sì ti rí v10.

Ó wọlé. Ó kù.

Lọ́jọ́ tí alábòójútó bá ní òun ti gbé e, dráífà yín á kọ́kọ́ hàn nínú linux-can-next, lẹ́yìn náà net-next, lẹ́yìn náà tree Linus. Kó tó débẹ̀, rọ́bọ́ọ̀tì tó ń kọ́ kernel fún oríṣiríṣi ẹ̀rọ ti lè kọ̀wé sí yín pé kò kọ́ lórí irú ẹ̀rọ kan tẹ́ ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Àtúnṣe kékeré ló ń fẹ́, pẹ̀lú ìlà tó tọ́ka sí àbùlẹ̀ tó fa ìṣòro náà, lẹ́tà àti nọ́ńbà méjìlá àkọ́kọ́ nínú orúkọ rẹ̀:

```
Fixes: 1a2b3c4d5e6f ("can: apeere: add CAN-FD controller driver")
```

Tó bá jẹ́ ìlànà bíi ISO-TP lẹ kọ, ẹ máa retí syzbot. Ó ń ju ìdọ̀tí oríṣiríṣi sí socket títí nǹkan á fi fọ́, kì í rẹ̀ ẹ́. Ó bá J1939 fà á gan-an lẹ́yìn tó wọlé.

Orúkọ yín ti wà nínú MAINTAINERS báyìí. Ní ọdún kan sí i, ẹnì kan á yí fọ́ńṣàn kan padà káàkiri gbogbo dráífà CAN, tiyín á wà lára wọn, onítọ̀hún kò sì ní chip yín. Yóò fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí yín, á máa dúró de Tested-by. Nítorí náà ẹ má tú bọ́ọ̀dù yẹn kúrò lórí tábìlì. Ẹ kọ àmì sí i lára, kí wáyà rẹ̀ àti resistor 120 ohm méjèèjì wà nínú ọ̀rá kan pẹ̀lú rẹ̀, níbi tẹ́ ẹ ti lè rí i láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.